Ọ̀sẹ̀ Tí Iná Ò Lọ

Ẹ̀gbọ́n mi, Muhydeen, kú lọ́jọ́ Àlàmísì, ní nǹkan bí aago méjì ọ̀sán, nínú yàrá ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ yìnyín tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ní Agége. Kí wọ́n tó pe ìrun Màgíríbì, a ti sin ín. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni.

Àwọn tí kò mọ̀ ọ́n ń bi mí pé irú èèyàn wo ni. Mo ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kí n má bàa máa tún un sọ.

Ọdún méjì péré ló fi jù mí lọ. Màámi fẹ́ kí n máa pè é ní Bọ̀dá, kí n máa fi "ẹ" bá a sọ̀rọ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ̀. Ó ní, "Hakeem tí a jọ ń sùn lórí ẹní kan, tó ń fi gìgísẹ̀ gbá mi níkùn, òun ló fẹ́ máa kí mi ní ẹ kú àárọ̀?" Bí mo ṣe ń pè é ní Muhydeen lásán nìyẹn.

Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá wa ti wá. Òrílé Agége ni wọ́n bí àwa sí. Nígbà tí bàbá wa kú, mo wà ní JS2. Mo kúrò níléèwé, mo lọ ń gbé yìnyín. Muhydeen lọ kọ́ títún fóònù ṣe ní Computer Village. Ọdún mẹ́rin ló fi jókòó sórí àpótí onígi kan níbẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ tín-ín-rín, kì í gbọ̀n. Kò fẹ́ kí wọ́n ju nǹkan tó bàjẹ́ nù. Gbohùngbohùn mọ́ṣáláṣí wa, ẹ̀ẹ̀mẹta ló tún un ṣe. Òun náà ni wọ́n fi kéde òkú rẹ̀.

Ní Computer Village ló ti mọ Àǹtí Ọdúnayọ̀. Iṣẹ́ tiwọn ni kí wọ́n máa ṣe ojú ewé sórí íńtánẹ́ẹ̀tì fún àwọn onílé ìtajà. Bí kò bá ti sí oníbàárà, Muhydeen á lọ dúró lẹ́yìn wọn, á máa wo ohun tí wọ́n ń tẹ̀. Wọ́n lé e títí, ó sú wọn, wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ ọ.

Nígbà tí ilé iṣẹ́ yìnyín ń wá ẹni tí yóò máa ran Bàbá Ìgbẹ́kẹ̀lé lọ́wọ́ nídìí ẹ̀rọ, èmi ni mo mú un wá. Èmi ni.

Bàbá Ìgbẹ́kẹ̀lé ni àgbà nídìí ẹ̀rọ. Ezekiel lorúkọ wọn, ṣùgbọ́n orúkọ àkọ́bí wọn la fi ń pè wọ́n. Alàádúrà ni wọ́n. Bọ́jọ́ Ìsinmi bá ti dé, wọn kì í wọ bàtà. Ní ọjọ́ iṣẹ́ náà, wọn á bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà yàrá ẹ̀rọ, wọn á gbàdúrà, kí wọ́n tó tún bàtà wọ̀, kí wọ́n tó wọlé.

Àdúrà náà nídìí. Gáàsì ló ń mú omi dì nínú ẹ̀rọ wa. Amóníà ni wọ́n ń pè é. Bó bá jò díẹ̀, ojú á máa ta èèyàn. Bó bá jò púpọ̀, ọ̀fun á dí, àyà á jóná. Ẹni tó bá sì ti pẹ́ nídìí ẹ̀rọ, imú rẹ̀ á ti mọ́ ọn lára. Á máa jò díẹ̀díẹ̀, kò ní mọ̀.

Èyí ló ba Muhydeen lẹ́rù nígbà tó dé. Oṣù kejì tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ó ra àpótí kékeré kan tó ń gbóòórùn gáàsì, ó kàn án mọ́ ògiri. Àpótí yẹn ń fi nọ́ńbà ránṣẹ́ sí ojú ewé kan tí òun fúnra rẹ̀ ṣe. Ó fi tábúlẹ́ẹ̀tì àlòkù kan ṣí ojú ewé náà sẹ́nu ọ̀nà, ó so sípíkà mọ́ ọn. Bí nọ́ńbà bá kọjá àádọ́ta, sáírìn á ké. Ó sọ ọ́ lórúkọ: Imú Ògiri.

Bàbá Ìgbẹ́kẹ̀lé dijú nígbà tí sáírìn kọ́kọ́ ké.

"Muhydeen, ìwọ àti nǹkan ẹ yìí, ẹ máa lé áńgẹ́lì mi lọ."

"Bàbá, áńgẹ́lì tó bá ń sá fún sáírìn, kí lẹ fẹ́ fi ṣe?"

"Ọmọ Ìmàle! Ẹnu ẹ á pa ẹ́ lọ́jọ́ kan."

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Bàbá náà rẹ́rìn-ín.

Níbẹ̀rẹ̀, odindi ojú ewé ló ń tún ara rẹ̀ ṣí ní ìṣẹ́jú ìṣẹ́jú. Bó bá fẹ́ ṣí, á kọ́kọ́ funfun báláú. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò bá dáa, á pẹ́ nínú funfun yẹn. Ọ̀gá Bọ́látitó, máníjà wa, máa ń wò ó lórí fóònù wọn láti ọ́fíìsì Ìlúpéjú. Wọ́n ń ṣàròyé. Wọ́n ní ó ń jẹ dátà, wọ́n ní funfun ni wọ́n ń rí ṣáá.

Muhydeen fi ọjọ́ mẹ́ta tún un ṣe. Ó wá ṣe é kí ojú ewé náà dúró sójú kan, kí àárín rẹ̀ nìkan máa pààrọ̀. Ó pè mí.

"Hakeem, wá wò ó. Ilẹ̀kùn ò ṣí, àlejò ti wọlé."

Nọ́ńbà náà kúrò ní méjì, ó di mẹ́ta. Kò funfun. Kò ṣẹ́jú. Ó rí bí idán.

Ó dán an wò. Ó rẹ àkísà sínú epo tí wọ́n fà jáde nínú ẹ̀rọ, nítorí gáàsì máa ń wà nínú epo yẹn. Ó gbé àkísà sábẹ́ àpótí. Kì í ní sùúrù láti dúró de odindi ìṣẹ́jú kan. Ó fi ìka fa ojú ewé wálẹ̀ kó lè tún ṣí kíákíá. Gbogbo wa la máa ń ṣe bẹ́ẹ̀, ta ló ń dúró de nẹ́tíwọ́ọ̀kì? Sáírìn ké. Ó ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló fa ojú ewé wálẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹta ló ké. Mo pàtẹ́wọ́ fún un.

Mo ní kí ẹ rántí ìka yẹn.

Ohun kan tún wà. Bátìrì tábúlẹ́ẹ̀tì náà ti wú, ó ti yọ ọ́ dànù. Inú ògiri ló ti ń jẹ iná tààrà. Bí iná bá lọ, á kú. Bí iná bá dé, tàbí tí wọ́n bá tan jẹnẹrétọ̀, á tún ara rẹ̀ tàn, á sì ṣí ojú ewé náà fúnra rẹ̀. Ní Agége, iná máa ń lọ ní ẹ̀ẹ̀mẹfà, ẹ̀ẹ̀méje lóòjọ́. A ń ṣépè fún un.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè ọ̀sẹ̀ yẹn, wọ́n fa wáyà tuntun wá sí òpópónà àwọn ilé iṣẹ́. Iná dé láàárọ̀. Kò lọ mọ́. Túsìdeè, kò lọ. Àwọn èèyàn ń kí ara wọn kú oríire. Wẹ́sìdeè, kò lọ. Ẹni tó ń tan jẹnẹrétọ̀ wa tẹ́ páálí, ó sùn. Bàbá Ìgbẹ́kẹ̀lé ní Ọlọ́run ti rántí Agége.

Ọyẹ́ ti dé nígbà náà. Ọ̀fìnkìn mú Muhydeen. Láàárọ̀ Àlàmísì, Màámi ní kó jókòó sílé. Ó ń fọn imú, ó ń wọ ṣẹ́ẹ̀tì.

"Màámi, imú mi ló dí. Ti ògiri ò dí."

Ọ̀rọ̀ tó sọ gbẹ̀yìn nínú ilé wa nìyẹn.

Lọ́sàn-án, Bàbá Ìgbẹ́kẹ̀lé lọ gba dúrọ́ọ̀mù epo ní géètì. Muhydeen nìkan ló wà nínú. Mo ń to yìnyín sínú ọkọ̀ níta. Mo gbọ́ "pàó!" Fáàfù kan lára páìpù gáàsì ló já. Èéfín funfun ń tú jáde lẹ́nu ọ̀nà. Mo da omi sórí aṣọ, mo fi bo imú, mo wọlé. Bàbá Ìgbẹ́kẹ̀lé sáré tẹ̀ lé mi. Àwa méjèèjì la wọ́ ọ jáde. Ojú rẹ̀ là sílẹ̀. Kò rí mi.

Nígbà tí mo gbójú sókè, mo rí tábúlẹ́ẹ̀tì náà. Nọ́ńbà ńlá wà lórí rẹ̀. Ó ń lọ sókè. Sípíkà dákẹ́.

Ọ̀gá Bọ́látitó wo fóònù wọn lọ́jọ́ kejì. Àpótí ara ògiri ti kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Gáàsì ti ń jò láti aago kan kọjá ogún ìṣẹ́jú. Ogójì ìṣẹ́jú ni nọ́ńbà fi kọjá àádọ́ta kí fáàfù tó já. Ogójì ìṣẹ́jú tó fi yẹ kí sáírìn máa ké.

Ọ̀gá wá síbẹ̀. Wọ́n rẹ àkísà, wọ́n gbé e sábẹ́ àpótí, wọ́n fi ìka fa ojú ewé wálẹ̀. Sáírìn ké, etí gbogbo wa fẹ́rẹ̀ẹ́ ya. Wọ́n yíjú sí Bàbá Ìgbẹ́kẹ̀lé.

"Bàbá, nǹkan yìí ò bàjẹ́. Ta ló fa wáyà sípíkà?"

"Mi ò fà á, sà."

"Gbogbo èèyàn gbọ́ ọ nígbà tí ẹ sọ pé ó ń lé áńgẹ́lì yín lọ."

"Ọ̀gá, eré ni mo fi ṣe. Mo fi Olúwa búra."

Ẹnikẹ́ni ò gbèjà wọn, títí kan èmi. Mo wo ẹsẹ̀ Bàbá. Òótọ́ ni mo fẹ́ sọ: mo gbà pé àwọn ni. Mo fẹ́ kó jẹ́ àwọn.

Ọ̀gá pààrọ̀ páásíwọ́ọ̀dù ojú ewé náà, kí ẹnikẹ́ni má bàa fọwọ́ kàn án. Wọ́n ní a ó tún fáàfù ṣe, a ó sì tan ẹ̀rọ padà ní Sátidé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Bàbá Ìgbẹ́kẹ̀lé ni yóò wọlé lọ tàn án. Wọ́n ní, "Tí ẹ bá kọ̀, Bàbá, mo mọ ohun tí màá rò."

A ṣe fídáù ọjọ́ kẹjọ. Ààfáà gbàdúrà, wọ́n sì kìlọ̀ fún wa pé rere nìkan ni ká máa sọ nípa òkú wa, ká bo àṣìṣe rẹ̀ mọ́lẹ̀ bí iyẹ̀pẹ̀ ṣe bò ó. Màámi ń mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Èmi náà ń mi orí. Bàbá Ìgbẹ́kẹ̀lé wá. Wọ́n jókòó sẹ́yìn pátápátá. Ẹni tó ń pín omi fò wọ́n kọjá.

Ní Jímọ̀, lọ́jọ́ kejì fídáù, mo lọ kó ẹrù Muhydeen ní ilé iṣẹ́. Ẹ̀rọ ò tíì ṣiṣẹ́, ibẹ̀ dákẹ́ rọ́rọ́. Àwo oúnjẹ rẹ̀ wà níbẹ̀, àti bàtà. Mo dúró níwájú tábúlẹ́ẹ̀tì yẹn. Iná ò tíì lọ. Nọ́ńbà wà ní méjì.

Nígbà tí mo ń wò ó ni mo rántí. Láti ìgbà tí Muhydeen ti ṣe é kó má funfun mọ́, ẹ̀ẹ̀mejì péré ni gáàsì ti jò lóòótọ́. Lẹ́ẹ̀kíní, iná ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni, sáírìn ké, a sáré jáde. Lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tan jẹnẹrétọ̀ ni. Mo rántí dáadáa, torí Bàbá Ìgbẹ́kẹ̀lé fi ṣàwàdà pé, "Imú Ògiri ń sùn, iná ló jí i."

Mo rẹ àkísà sínú epo. Mo gbé e sábẹ́ àpótí. Mi ò fọwọ́ kan tábúlẹ́ẹ̀tì. Mo ki ọwọ́ méjèèjì bọ àpò kí ìka mi má bàa ṣe é fúnra rẹ̀.

Mo dúró.

Nọ́ńbà kúrò ní méjì, ó di mọ́kànlélógójì. Ìṣẹ́jú kan. Ó di mọ́kànlélọ́gọ́ta. Mo ń retí. Ó di mẹ́tàdínlọ́gọ́rin. Ojú ti ń ta mí. Ó di àádọ́fà. Mo tọ wáyà sípíkà láti ìdí dé òkè, kò sí ibi tó já. Ó kàn dákẹ́ ni. Ó ń wò mí, ó mọ̀ pé gáàsì wà níbẹ̀, ó kọ ọ́ gàdàgbà sójú, kò sì la ẹnu.

Mo yọ ọwọ́ kan lápò, mo fi ìka fà á wálẹ̀.

Sáírìn bú sẹ́kún.

Mo jókòó sílẹ̀. Kò sẹ́ni tó fa wáyà. Ọwọ́ ẹ̀gbọ́n mi ni.

Mo wọ ọkọ̀ lọ sí Computer Village ní Ìkẹjà. Mi ò tiẹ̀ dúró kírun Jímọ̀ ní àdúgbò wa. Fóònù Muhydeen wà lọ́wọ́ mi, gbogbo ohun tó kọ wà nínú rẹ̀. Àǹtí Ọdúnayọ̀ gbé ohun èlò wọn sílẹ̀ nígbà tí wọ́n rí mi. Mo ṣàlàyé. Wọ́n gba fóònù, wọ́n ń fi ìka yí i lọ sókè, lọ sísàlẹ̀. Lójijì wọ́n dúró.

"Yéè," wọ́n ní. "Yéè, Muhydeen."

"Àǹtí, kí ni?"

"Wò ó. Àṣẹ tó ní kí sáírìn ké, inú ohun tó ń ti ìta wọlé ló kọ ọ́ sí, pẹ̀lú nọ́ńbà. Skírípìtì là ń pe irú àṣẹ bẹ́ẹ̀. Tí ojú ewé bá ń ṣí látìbẹ̀rẹ̀, búráúsà tó ń ṣí i á kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀. Tó bá kan àṣẹ, á ṣe é."

"Ẹ̀n-ẹ́n."

"Ṣùgbọ́n tí ojú ewé bá ti ṣí tán, tó o wá ń gbé nǹkan tuntun wọ àárín rẹ̀ bí ó ṣe ṣe yìí, búráúsà á fi nọ́ńbà hàn ẹ́. Àṣẹ tó bá a wọlé, kò ní ṣe é. Á kàn fi síbẹ̀ bí ọ̀rọ̀ lásán."

"Kò sì ní sọ fún èèyàn?"

"Kò ní sọ. Kò ní pariwo, kò ní sọ pé ohun kan bàjẹ́. Lójú tiẹ̀, nǹkan kan ò bàjẹ́."

Ẹ̀rù tó bà mí níbẹ̀ ju ti ọjọ́ tí fáàfù já lọ.

Mo ní ṣé kò sí ọ̀nà tí èèyàn lè fi tipá mú un kó máa ṣe gbogbo àṣẹ tó bá wọlé. Wọ́n mi orí.

"Ìdí wà tí wọ́n fi ṣe é bẹ́ẹ̀. Olè ni wọ́n ń sá fún. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ilé iṣẹ́ yín, gbogbo èèyàn ló wà lórí ẹ̀. Tí ojú ewé bá ń gba àṣẹ lẹ́nu gbogbo ohun tó bá wọlé, ẹnìkan lè rán ọ̀kan wá pé kí sáírìn dákẹ́ títí ayé. Jẹ́ kí àṣẹ máa gbé nínú ilé. Kí nọ́ńbà nìkan máa ti ìta wá, kí àṣẹ inú ilé sì máa wo nọ́ńbà. Iṣẹ́ wákàtí kan ni. Fún mi ní páásíwọ́ọ̀dù."

"Ọwọ́ Ọ̀gá ló wà."

"Lọ sọ fún Ọ̀gá nígbà náà."

Wọ́n wo ojú mi, wọ́n mọ̀ pé orúkọ Muhydeen ni mò ń rò. Wọ́n bo ojú wọn.

"Èmi ni mo kọ́ ọ, Hakeem. Ohun kékeré báyìí. Mo mọ̀ ọ́n, mi ò sọ fún un. Kò wá sí mi lọ́kàn."

Nínú ọkọ̀ tí mo bá padà, gbogbo ohun tí mo rò kò dáa. Mo rò pé Ọ̀gá á ní ọmọ JS2 ni mí, kí ni mo mọ̀. Mo rò pé wọn á ní Muhydeen pa ara rẹ̀. Mo rò pé tí mo bá dákẹ́, bóyá bí gáàsì bá jò lọ́la, iná á lọ, á padà dé, sáírìn á ké. Bóyá gáàsì ò tiẹ̀ ní jò. Bàbá Ìgbẹ́kẹ̀lé á wọlé, wọn á jáde, orúkọ ẹ̀gbọ́n mi á sì mọ́. Mo ń gbàdúrà kí iná lọ. Mi ò gbàdúrà bẹ́ẹ̀ rí láyé mi.

Màámi ń ká aṣọ Muhydeen nígbà tí mo délé. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn. Mo sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́. Wọ́n ń ká aṣọ lọ. Ìgbà tí mo parí, wọ́n tú ẹyọ kan, wọ́n tún un ká.

"Ààfáà ní ká bo àṣìṣe rẹ̀," mo ní.

"Mo gbọ́ ohun tí Ààfáà wí." Wọ́n na ọwọ́ aṣọ náà. "Ìyàwó Bàbá Ìgbẹ́kẹ̀lé, ṣé ó ń wojú ọ̀nà bí ọkọ ẹ̀ bá lọ síbi iṣẹ́?"

"Á máa wò ó, Màámi."

"Èmi náà wò ó." Wọ́n gbé aṣọ náà sórí àwọn yòókù. "Lọ sọ ọ́. Èmi ni mo bí i. Tí wọ́n bá bú u, èmi ni wọ́n bú. Mo lè gbà á."

Ní Sátidé, aago mẹ́jọ ò tíì lù tí mo fi dé ilé iṣẹ́. Àǹtí Ọdúnayọ̀ tẹ̀ lé mi, láptọ́ọ̀pù wọn wà ní ẹ̀yìn wọn. Bàbá Ìgbẹ́kẹ̀lé ti bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n ń gbàdúrà lórí ìkúnlẹ̀. Ó yé mi pé kì í ṣe àdúrà ojoojúmọ́. Wọ́n ti fún ẹni géètì ní nọ́ńbà fóònù ìyàwó wọn.

Mo dúró sáàárín àwọn àti ilẹ̀kùn.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wọlé."

Ọ̀gá Bọ́látitó bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ wọn. "Hakeem, a bá ẹ kẹ́dùn o. Ṣùgbọ́n kí lo dúró síbẹ̀ yẹn fún?"

"Sáírìn ò ní ké, sà."

"Ó ń ké. Ìwọ náà gbọ́ ọ." Wọ́n na ìka sí tábúlẹ́ẹ̀tì.

Mo di ọwọ́ wọn mú. Ọwọ́ ọ̀gá! Àwọn tó ń gbé yìnyín kígbe, "Hakeem, o ya wèrè ni?"

"Ẹ má fọwọ́ kàn án, sà. Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín. Ẹ fún mi ní ìṣẹ́jú márùn-ún péré, kí ẹ kàn máa wò ó."

Mo gbé àkísà sábẹ́ àpótí. Gbogbo wa dúró. Nọ́ńbà ń gòkè. Ọgbọ̀n. Márùndínláàádọ́ta. Ọgọ́rin. Mo ń gbọ́ èémí Ọ̀gá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Àádóje. Kò sí ariwo. Bàbá Ìgbẹ́kẹ̀lé ti sún mọ́ wa pẹ̀lú ẹsẹ̀ lásán, wọ́n wo nọ́ńbà, wọ́n wo sípíkà, wọ́n fi ọwọ́ bo ẹnu.

"Wáyà ńkọ́?" Ọ̀gá bi mí. Ohùn wọn ti lọ sílẹ̀.

"Wáyà ò ṣe nǹkan kan, sà. Bí ojú ewé bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ló ń ké. Tó bá ti wà ní ṣíṣí, kò lè ké mọ́. Iná tó ń lọ tẹ́lẹ̀ ló ń gbà wá. Ọ̀sẹ̀ yẹn, iná ò lọ." Mo yíjú sí àwọn tó kù. "Bàbá ò fa nǹkan kan. Ẹ̀gbọ́n mi ló ṣe é bẹ́ẹ̀. Kò mọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ni."

Ọ̀gá fi ìka fa ojú ewé wálẹ̀, bí ẹni tí kò fẹ́ gbà. Sáírìn ké. Wọ́n fò sẹ́yìn. Wọ́n pa á, wọ́n jókòó sórí dúrọ́ọ̀mù.

"Èmi ni mo ní kó má funfun mọ́," wọ́n ní. Èmi nìkan ni mo gbọ́ ọ.

Wọ́n yíjú sí Bàbá Ìgbẹ́kẹ̀lé. "Bàbá, ẹ má bínú."

Bàbá kọjá lára wọn. Èmi ni wọ́n gbá mú. Aṣọ wọn ń rùn epo ẹ̀rọ. Wọ́n ní, "Mo sọ fún un pé ẹnu ẹ̀ á pa á. Láti ọjọ́ tó kú, ẹnu mi ń gbàdúrà, ọkàn mi ò sí níbẹ̀. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ẹnu mi ni."

"Kì í ṣe ọ̀rọ̀ yín, Bàbá."

"Ọmọ tó ṣe imú fún mi," wọ́n ní. "Ọmọ tó ṣe imú fún mi, ọ̀fìnkìn wá mú un."

Ọ̀gá fún Àǹtí Ọdúnayọ̀ ní páásíwọ́ọ̀dù. Wọ́n jókòó sórí páálí ẹni tó ń tan jẹnẹrétọ̀, wọ́n yọ àṣẹ kúrò nínú ohun tó ń ti ìta wọlé, wọ́n gbé e sínú ojú ewé fúnra rẹ̀. Wákàtí kan ó lé díẹ̀. Ọ̀gá fẹ́ dán an wò lójú ẹsẹ̀. Mo ní rárá. Mo ní kí ojú ewé wà ní ṣíṣí títí di ọ̀sán, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án. A jókòó yí i ká bí ẹni ń ṣọ́ aláìsàn. Lẹ́yìn ìrun Àsárì, mo gbé àkísà wá.

Ó di mẹ́tàléláàádọ́ta. Ó ké.

Àwọn tó ń gbé yìnyín hó. Bàbá Ìgbẹ́kẹ̀lé wọ bàtà wọn, wọ́n wọlé, wọ́n tan ẹ̀rọ. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà títí wọ́n fi jáde. Ìgbà tí wọ́n jáde, wọ́n pe ìyàwó wọn, wọ́n ní kó se ẹ̀wà.

Èmi ni mo ń ran Bàbá lọ́wọ́ nídìí ẹ̀rọ báyìí. Ẹnikẹ́ni ò bú Muhydeen, ó kéré tán kò sí ẹni tó ṣe é lójú mi. Wọ́n ṣì ń pe nǹkan náà ní Imú Ògiri.

Lójoojúmọ́ ni mo ń dán an wò, mo máa ń ki ọwọ́ bọ àpò. Bí iná bá lọ, ọkàn mi á balẹ̀ díẹ̀. Bó bá pẹ́ kó tó lọ, inú àwọn èèyàn á máa dùn, èmi á dìde láti lọ rẹ àkísà. Lónìí ó pé ọjọ́ mẹ́ta tí kò lọ. Mo ti dán an wò láàárọ̀, ó ké. Mò ń lọ dán an wò lẹ́ẹ̀kan sí i.